Bàbá Mi, Ẹ Má Gbé Ẹ̀rọ Yẹn Wọ Inú Kànga

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ yín. Láti Bàrígà níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, kí ẹ má baà rò pé Èkó ti gba orúnkún lẹ́sẹ̀ mi. Mo kí Màmá mi, aya yín àtàtà. Mo kí Gbádébọ̀ àbúrò mi, mo kí Ṣadé ìyàwó rẹ̀, mo sì kí ọmọ jòjòló tí wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tí imú rẹ̀ jọ tiyín débi pé mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà. Etí ọ̀tún ni kí ẹ ti kí wọn, torí mo mọ̀ pé ti òsì ti kọṣẹ́. Mo kí gbogbo ìjọ Onítẹ̀bọmi, mo kí Àáfáà Sàlámì aládùúgbò wa tí wọ́n ti ń pọn omi àlùwàlá nínú kànga wa kí n tó gbọ́njú. Ẹ̀yin ará Ṣakí, mo kí gbogbo yín lápapọ̀.

Ẹ ó ti máa bi ara yín pé kí ló dé tí Bọ́sẹ̀dé fi kọ lẹ́tà tí gbogbo ayé máa kà, nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ yín. Bàbá mi, mo ti pè yín. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kí wọ́n tó bí mi ni ẹ ti ń gbẹ́ kànga, pé kànga kò mọ ìwé tí mo kà, ẹ sì gbé fóònù fún Màmá kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ àgbàdo. Ṣùgbọ́n èmi náà mọ̀ yín. Ìwé ìròyìn Yorùbá tí ẹ máa ń ká sábẹ́ tìmùtìmù yẹn, ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀, òtítọ́ ni lójú yín, ẹ ó sì kà á sí gbogbo ilé létí tọ̀sán tòru. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ àwọn olóòtú pé kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ má bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Ẹ̀rù ló ń bà mí, Bàbá. Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ fún mi pé ẹ ti ra ẹ̀rọ tó ń fa omi, èyí tó ń lo epo bẹntiróòlù, àti pé nítorí pé agbára rẹ̀ kò ká omi tó jìn, ńṣe lẹ ń fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ sórí pákó nínú kànga kó lè máa fa omi náà nítòsí, ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Ohun tí mo rí ní Èkó níbí ló fà á, mo sì fẹ́ rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe wà. Ara mi le. Yàrá kan náà ni mo ṣì ń gbé, nítòsí omi, níbi tí òórùn ẹja tí àwọn ará Ìlàjẹ ń yan ti máa ń jí mi láàárọ̀. Ọyẹ́ ibí kò tó ti Ṣakí, àmọ́ ó ń la ètè bákan náà, eruku rẹ̀ sì ń bá wa jẹun. Èrò pọ̀ nílé wa, síbẹ̀ ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo dá wà. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń bá ìkòkò ọbẹ̀ mi sọ èdè Ṣakí, kí ahọ́n mi má baà gbàgbé. Ìyá onílé mi, ọmọ Ìjẹ̀bú, ti gbọ́ ọ rí, wọ́n sì bi mí bóyá mo ní àlejò. Owó oṣù wa máa ń pẹ́ kó tó dé, bó bá sì dé, kì í jókòó. Ẹ sọ fún Màmá pé mi ò gbàgbé owó tí mo ṣèlérí fún wọn.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa bá wọn sáré lọ síbi tí jàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀. Inú áńbúláǹsì ni mo máa ń wà tẹ́lẹ̀, tí mo ń di ojú ọgbẹ́, tí mo ń di orí èèyàn mú kó má baà máa mì. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kó àwa kan jọ sí Ṣómólú, wọ́n ní ká lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi okùn yọ èèyàn níbi tí àkàbà kò bá dé: orí òpó, ara ilé gíga, inú kòtò, inú kànga. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọn kò tíì kọ́ parí la fi ń kọ́ iṣẹ́ náà. Inú mi dùn. Mo ní ọmọ agbẹ́kànga ni mí, kí ni wọ́n fẹ́ fi okùn kọ́ mi? Àṣé ìgbéraga lásán ni. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n fẹ̀yìn yọ láti orí dẹ́kì tó ga jù lọ, ẹsẹ̀ mi kọ̀ jálẹ̀. Mo pe Jésù, mo pe Màmá, mo pe ajá wa tó ti kú pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ilé kejì jókòó sórí ògiri, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo eré.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ni Ọ̀gá Múfù, ará Abẹ́òkúta, àgbàlagbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọn kì í gbóhùn sókè. Wọ́n kàn dúró tì mí ni, wọ́n ní kí n máa sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Mo ní okùn lè já. Wọ́n fi okùn kejì hàn mí, pé bí ọ̀kan bá já, èkejì ń bẹ. Mo ní ẹni tó so ó lè ṣe àṣìṣe. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í so ti ara rẹ̀ kó sì máa lọ. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ibi gbogbo tí a so, láti ìgbànú dé irin, kó máa pè é síta bó ṣe ń fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mi ò rí ohun mìíràn sọ mọ́, wọ́n ní ó dáa, kí n máa bẹ̀rù náà lọ, ṣùgbọ́n kí n máa sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gbé èmi àti wọn ṣe àríyànjiyàn ni ti ẹni tó máa di okùn mú. Ọ̀gá Múfù ní bí ẹnì kan bá fẹ́ wọ ibi tó léwu, ìbátan rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nídìí okùn rẹ̀. Bàbá, mo dìde dúró. Mo ní nílé wa, òdì kejì rẹ̀ là ń ṣe. Mo sọ fún wọn pé ẹ kì í fi okùn yín lé àjèjì lọ́wọ́, pé Gbádébọ̀ ló ń di okùn yín mú báyìí, pé kí wọ́n tó bí wa, ẹ̀yin lẹ di ti Bàbá Àgbà mú, torí ẹni tí kì í bá í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹni lè máa wo obìnrin tó ń kọjá nígbà tó yẹ kó máa wo okùn. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Múfù kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn bi mí pé bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá dákẹ́, tó fa okùn tí kò dáhùn, kí ni ìbátan rẹ̀ máa ṣe. Mo ní á fà á sókè. Wọ́n ní bí kò bá ṣe é fà ńkọ́?

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan wà láàárín wa, ọmọ Ìlàjẹ, Dèjì àti Akin, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi yọ èèyàn. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Múfù ní kí Akin tó jẹ́ àbúrò wọ inú kòtò omi ilé náà, èyí tó gbẹ, kí Dèjì di okùn rẹ̀ mú. Àṣé wọ́n ti sọ fún Akin ní kọ̀rọ̀ pé tó bá dé ìsàlẹ̀, kó dákẹ́, kó sì so okùn mọ́ nǹkan níbẹ̀. Dèjì pè é, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fa okùn, okùn há. Bàbá, gìrìpá ọkùnrin tí kì í bẹ̀rù ìgbì òkun ni Dèjì. Ó ju okùn sílẹ̀, ó sáré sí ẹnu kòtò, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé kí àwa tó rọ́ dì í mú. Eré ni, gbogbo wa mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ la wà, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ti yí padà. Nígbà tí Akin yọrí tó ń rẹ́rìn-ín, Dèjì gbá a létí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọ̀gá Múfù kò bá a wí. Wọ́n ní kó jókòó kó mu omi.

Mo rò pé ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ mí lára lọ́jọ́ yẹn. Àṣé mi ò tíì rí nǹkan kan.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ẹ̀kọ́ wa kù díẹ̀ kó parí. À ń ká okùn lábẹ́ ibòji nígbà tí ọkùnrin kan já wọlé, tó ń mí gúlegúle, ó ní kí a gbà wọ́n, pé àwọn méjì wà nínú kànga nílé kan tí kò jìnnà. Ọ̀gá Múfù kò fẹ́ lò wá, wọ́n ní kí wọ́n pe àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì pè wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn jìnnà, àwa ni a wà nítòsí, àwa la ní okùn. A kó ẹrù wa sínú ọkọ̀, a lọ.

Kànga ilé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, onílé sì pe àwọn agbẹ́kànga méjì kan pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, ọmọ Òkè-Ògùn bíi tiwa, mo mọ̀ bí mo ṣe gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ elépo wọn sórí pákó nínú kànga, wọ́n fi fa omi, nígbà tó sì fa omi náà tán, wọ́n pa á. Ẹ̀gbọ́n wọlé láti kó ẹrẹ̀. Àbúrò di okùn mú lókè. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n kò fèsì mọ́. Àbúrò pè é, pè é, ó sì so okùn náà mọ́ ara òpó, ó tọ̀ ọ́ wọlé. Òun náà kò fèsì mọ́.

Ìgbà tí a dé, mẹkáníìkì kan láti òdìkejì ọ̀nà ti bọ́ ẹ̀wù, ó fẹ́ wọlé ṣe ìkẹta wọn. Ọ̀gá Múfù gbá a níbàdí ṣòkòtò mú, wọn kò sì fi í sílẹ̀. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa. Wọ́n ní kí la wá wò, pé ṣé òkú la fẹ́ wá kà. Obìnrin kan sọ fún mi lójú pé bó bá jẹ́ ìyá mi ló wà nínú kànga náà, mi ò ní dúró máa so irin mọ́ irin. Bàbá, òótọ́ ló sọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí dé egungun, torí mo mọ̀ pé mi ò ní dúró lóòótọ́. Ọ̀gá Múfù sọ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wo afẹ́fẹ́ kalẹ̀. Kò tíì dé ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹyẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú kànga ti kún fún èéfín ẹ̀rọ, èéfín tí ojú kò rí, tí imú kò sì gbọ́ òórùn rẹ̀. A gbé fáànù ńlá sí i, a fi páìpù rọ́bà gígùn fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù wọ ibẹ̀, àwọn èrò sì ń bú wa lọ.

Ẹnu kànga náà há. Ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, nínú gbogbo wa sì rèé, èmi ni mo tín-ín-rín jù. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ọ̀gá Múfù wò mí, wọ́n bi mí bóyá mo lè lọ, wọ́n ní bí mo bá ní rárá, kò sẹ́ni tó máa bi mí ní ìdí rẹ̀. Mo ní mo lè lọ. Mi ò mọ ẹni tó fi ẹnu mi sọ ọ́. Dèjì fọwọ́ kan gbogbo okùn mi níkọ̀ọ̀kan, ó ń pè é síta. Bí wọ́n ṣe gbé mi kúrò nílẹ̀ sójú kànga, ìtọ̀ dà sí mi lára. Mo ń sọ ọ́ ní gbangba, ojú kò tì mí. Kí ẹ lè mọ bí ẹ̀rù ṣe bà mí tó ni mo fi sọ ọ́.

Ẹ mọ bí inú kànga ṣe rí ju mi lọ. Ẹ mọ bí ojú ọ̀run ṣe máa ń kéré, bí ohùn àwọn tó wà lókè ṣe máa ń di ti ẹlòmíràn. Èmi kò gbọ́ nǹkan kan ju èémí ara mi nínú ohun tí mo fi bo imú. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ dé mi lórúnkún. Àwọn méjèèjì wà lórí ara wọn, apá àbúrò sì ṣì wà lábẹ́ abíyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ẹni fẹ́ gbé e dìde. Wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó bá ń mí ló kọ́kọ́ ń lọ. Mo fọwọ́ kan ọrùn àbúrò, ó ń lù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Mo fọwọ́ kan ti ẹ̀gbọ́n. Mo tún un fọwọ́ kàn. Mo wá ibẹ̀ wá ibẹ̀, nǹkan kan kò lù.

Mo fi ìgbànú kejì wọ àbúrò, mo fa okùn, wọ́n gbé e lọ sókè. Ó wá ku èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀, kí ìgbànú tó padà. Mo gbé orí rẹ̀ kúrò nínú omi, mo gbé e lé itan mi. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun bíi tiyín. Àgbàlagbà ni, ó fi aṣọ òfì àtijọ́ kan wé orí kí ẹrẹ̀ má baà bọ́ sí i lójú, bí ẹ ṣe máa ń ṣe gan-an. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Síbẹ̀ mo ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ohun tí mo fi bo imú, èdè Ṣakí ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀, mo ní kó fara balẹ̀, pé wọ́n ń bọ̀. Bàbá ni mo ń pè é.

A gbé e jáde. Wọ́n gbìyànjú lórí rẹ̀ títí, kò dìde. Wọ́n sáré gbé àbúrò lọ sílé ìwòsàn, Ọlọ́run sì dá a sí. Mo lọ wò ó níbẹ̀ nígbà tó ti ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé yóò dúpẹ́. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi kọ́kọ́ gbé òun. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní kò yé òun. Ó ní òun kì í ṣe òmùgọ̀, òun rí i pé ewu wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá òun ló wà nísàlẹ̀, ọwọ́ òun sì ni okùn wà, kí ni òun fẹ́ lọ sọ nílé pé òun dúró lókè òun ń wò. Ó wá sọ nǹkan kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun kọ́kọ́ wọlé lọ pa ẹ̀rọ náà, tó sì jáde wá jẹ ẹ̀kọ, ó ní orí ń fọ́ òun, ó sì ní èébì ń gbé òun díẹ̀. Àwọn rò pé oòrùn ni.

Bàbá mi, nígbà tí mo pè yín ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, kí lẹ sọ pé ó ń ṣe yín? Ẹ ní orí ló ń fọ́ yín láti ọjọ́ bíi mélòó kan. Màmá ní ọyẹ́ ni. Ẹ̀yin ní ọjọ́ ogbó ni, ẹ rẹ́rìn-ín. Mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe ọyẹ́, Bàbá. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Èéfín ẹ̀rọ yẹn ni, ó ti ń wọ̀ yín lára díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tó bá sì fẹ́ wọ̀ yín tán, kò ní kan ilẹ̀kùn.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní ẹ kì í wọ kànga láìjẹ́ pé ẹ ti kọ́kọ́ sọ àtùpà kalẹ̀, pé bí iná rẹ̀ kò bá kú, afẹ́fẹ́ dára. Bí wọ́n ṣe kọ́ yín nìyẹn, ó sì ti gbà yín lọ́wọ́ ikú rí, mi ò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Àgbà ń gbẹ́ kànga, kò sí ẹ̀rọ elépo nínú kànga wọn. Èéfín yìí kì í pa àtùpà. Àtùpà á máa jó geerege, ẹni tó gbé e lọ́wọ́ á sì ti ṣubú. Mo bi Ọ̀gá Múfù léèmejì kí n tó kọ ọ́, torí mo mọ bí ẹ ṣe fẹ́ràn àtùpà yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ẹ̀rọ náà jáde. Kó má ṣe wọ inú kànga kankan mọ́, ìbáà wà lórí pákó, ìbáà jẹ́ pé ẹ ti pa á. Oríṣi kan wà tó ń lo iná, tó ń wọ inú omi fúnra rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ á sì wà lókè ní ọ̀ọ́kán, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé èéfín rẹ̀ padà. Mo ń tọ́jú owó rẹ̀ pamọ́. Títí tí mo fi máa rà á, ẹ fi korobá fa omi bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí iṣẹ́ pẹ́, kí oníbàárà bínú. Ẹ̀yin agbẹ́kànga yòókù tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí, ẹ̀yin náà ni mo ń bẹ̀.

Ó wá ku ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù, mo sì ti ń sá fún un láti òkè lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ Gbádébọ̀ ni. Ẹ gba okùn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé yóò dà bí èébú lójú yín, pé ẹ máa ní Èkó ti kọ́ mi láti fi bàbá mi lé àjèjì lọ́wọ́. Mo ti rí ohun tí ọwọ́ ìbátan ń ṣe. Ọwọ́ àjèjì á ké, á sáré lọ wá ìrànlọ́wọ́. Ọwọ́ Gbádébọ̀ kò ní sáré lọ síbì kankan. Á so okùn mọ́ igi, á tọ̀ yín wọlé, Ṣadé á sì di opó lọ́jọ́ kan náà tí Màmá á di opó.

Ẹ má rò pé ó tó kí èmi sọ fún un. Mo ti sọ fún un. Ó ní ṣé orí mi ti dàrú ni, pé ta ni yóò dúró lókè kó máa wo bàbá tó bí i. Bó ṣe dáhùn yẹn, mo mọ̀ pé kò sí ìwé ìròyìn tó lè yí i lọ́kàn padà, àfi ẹ̀yin. Ẹ pè é jókòó. Ẹ jẹ́ kí Màmá wà níbẹ̀, kí Ṣadé gbé ọmọ náà dání. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un pé bí ẹ bá dákẹ́ nínú kànga lọ́jọ́ kankan, kó má wọlé. Ẹ sọ pé ẹ ti dárí jì í ṣáájú. Ó le láti sọ, Bàbá. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí àbúrò mi fi yín sílẹ̀, ẹ̀yin tí mo fẹ́ràn jù láyé. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá sọ ọ́, yóò wọlé.

Ọlọ́run tó ń ṣọ́ yín láti kékeré yóò máa ṣọ́ yín lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní di ẹkún sí wa lọ́rùn. Ẹ ó rí ọmọ ọmọ yín tí yóò máa sáré nínú ọgbà, omi kò sì ní wọ́n yín. Mo kí Màmá, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí Ṣadé àti ọmọ rẹ̀, mo kí gbogbo ilé, àtẹni tó dúró àtẹni tó jókòó. Bí ẹ bá ti bá Gbádébọ̀ sọ̀rọ̀ náà tán, ẹ má ṣe pè mí fúnra yín. Ẹ fún un ní fóònù. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ, pé ẹ ti sọ ọ́, àti pé ó ti gbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀dé.